Ẹ Bi Wá, Ká Dáhùn: "Ọmọ mi ní ká wá fi ọjọ́ márùn-ún gbé orí odò nínú aṣálẹ̀"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí odò, mi ò mọ̀ bóyá torí òjò tó ń rọ̀ lójoojúmọ́ yìí náà ni. Ti àkọ́kọ́ ló gùn jù, òun náà ni màá sì fara balẹ̀ dáhùn, torí ohun tí màmá yìí ń béèrè, ojú mi ti rí i rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Denver ló ní kí èmi àti bàbá ẹ̀ wá lóṣù September, ó ní òun àti ìyàwó òun máa gbé wa lọ sórí odò kan tí wọ́n ń pè ní Green River ní ìpínlẹ̀ Utah. Ọjọ́ márùn-ún la máa fi wà lórí omi, etí odò la máa máa sùn lórí yanrìn, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí ọjà, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, aṣálẹ̀ lókè. Ó ní láti ìlú Green River la ti máa bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí odò náà ti pàdé odò Colorado, máìlì 120. Ọmọ ọdún 61 ni mí, bàbá jẹ́ 68. Mi ò mọ̀wẹ̀, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá ti gbà, ó tiẹ̀ ti ń fọ́nnu kiri àdúgbò. Ẹ bá mi wò ó, ṣé orí ọmọ yìí pé, tó bá sì pé, kí la máa múra sílẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo."

Màmá, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ o. Orí ẹ̀ pé. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́hùn-ún, ọkọ ẹ̀ àti ọ̀rẹ́ wọn kan, àwa mẹ́rin la wọ ọkọ̀ àjẹ̀ méjì lórí odò yẹn kan náà, a sì jáde láyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa rí màbo lọ́jọ́ kejì, màá débẹ̀. Ìṣirò ni ọmọ yín ṣì ṣe, ẹ jẹ́ ká bá a tún un ṣe kó tó lọ sanwó ọkọ̀.

Odò Green yìí, orí àwọn òkè Wind River ní ìpínlẹ̀ Wyoming ló ti ń ṣàn bọ̀, yìnyín tó bá yọ́ lórí òkè ló ń kún un, ó sì rìn tó kìlómítà 1,175 kó tó bọ́ sínú Colorado. Nígbà tó bá dé gúúsù ìlú Green River ní Utah, ó wọ àárín àpáta pupa, ó wá gbẹ́ ihò fún ara ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ihò tóóró, jíjìn, tí ògiri ẹ̀ ga ju ilé alájà mélòó kan lọ, ohun tí wọ́n ń pè ní kányọ̀nù nìyẹn. Méjì ló wà níbẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, àkọ́kọ́ ń jẹ́ Labyrinth, èkejì ń jẹ́ Stillwater, John Wesley Powell, ará Amẹ́ríkà kan tó fi ọkọ̀ wádìí odò náà, ló sọ wọ́n lórúkọ nígbà tó gbabẹ̀ kọjá lọ́dún 1869. Ọ̀gbẹ́ni yẹn, apá kan ló ní o, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti gba èkejì lọ́wọ́ ẹ̀ ní Shiloh lọ́dún 1862, apá kan yẹn náà ló fi lọ. Nítorí náà kí bàbá má fọ́nnu jù.

Nínú kányọ̀nù méjèèjì yìí, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ibi tó ti ń hó, kò sí ibi tó ti ń bì lu àpáta, ìṣàn ẹ̀ lóṣù September ò yára ju ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ láti ọjà lọ. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀wẹ̀ lè lọ nìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì bá wà lọ́rùn yín látìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá wọ ọkọ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi bọ́ọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ dì í dáadáa, kẹ́ ẹ má torí ooru tú u. Òfin ni pé kálukú gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀ nínú ọkọ̀.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ìṣirò ti wọ́. Máìlì 120 lọ́nà ọjọ́ márùn-ún, máìlì 24 lóòjọ́ nìyẹn, bíi kìlómítà 39, lórí omi tó ń rìn bí arúgbó, ẹ máa fọwọ́ wà á ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tún wá nìyí: láti ọ̀sán lọ, ó máa ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ odò bọ̀ wá sókè, ó ń kọjú sí yín, ẹ máa wa àjẹ̀ títí ọ̀pá ẹ̀yìn máa dùn yín, ẹ máa wo òkúta tó wà létí odò, ẹ máa rí i pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà lẹ ṣì wà. Ojú wa rí èyí. Nígbà tó yá, aago mẹ́fà ìdájí la ti ń gbéra, tó bá ti di aago kan ọ̀sán, a ti dúró, a ti wá ibi òjìji sùn sí.

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kẹ́ ẹ gé e sí méjì. Ibì kan wà tó ń jẹ́ Ruby Ranch, ilẹ̀ onílẹ̀ ni, wọ́n máa gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ wọ omi níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Mineral Bottom, máìlì 45 péré ni, kìlómítà 72. Ẹ pín in sí ọjọ́ márùn-ún, máìlì mẹ́sàn-án lóòjọ́, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí omi, ó tán. Labyrinth lẹ máa rí, òun náà ló sì dùn ún wò jù lójú tèmi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyípo odò yẹn, ẹ máa rò pé àpáta ti dí i níwájú, àfi kó ṣí. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bowknot Bend, odò náà máa rìn bíi máìlì méje yípo òkè kan, ó wá padà síbi tó ti kúrò, ìwọ̀nba òkúta díẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àbúrò mi fi ẹsẹ̀ gun òkúta yẹn, ó wà lókè, ó ń pariwo pé òun rí odò lápá méjèèjì, èmi jókòó sísàlẹ̀, mò ń mu gàrí.

Tẹ́ ẹ bá ní dandan àfi Stillwater títí dé ibi odò méjèèjì ti pàdé, máìlì 52 ni látìgbà tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Mineral Bottom, ó sì ti wọ inú páàkì ìjọba tó ń jẹ́ Canyonlands. Ibẹ̀ rẹwà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti wọ ibẹ̀, kò sí títì tó dé ìparí ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì bíi tàwọn apẹja Èkó, àmọ́ tó yára gan-an, lẹ máa háyà kó wá gbé yín gba orí Colorado padà sí ìlú Moab, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú kẹ́ ẹ tó gbéra nílé. Ohun tó tún wá ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí odò méjèèjì bá pàdé, bíi máìlì mẹ́rin sísàlẹ̀ ẹ̀, omi pẹ̀lẹ́ parí. Cataract Canyon ló kàn, ibẹ̀ ni omi ti ń ru, tó ń dojú ọkọ̀ dé. Wọ́n ti kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà síbẹ̀. Ẹni tó bá sùn lọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló máa gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ Mineral Bottom fún yín, mọ́tò lè débẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ náà ò kúkú rọrùn o, ọ̀nà eléruku tó ń ta kókó sọ̀ kalẹ̀ létí òkè ni, òjò tiẹ̀ wó o lọ lọ́dún 2010, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó tún un ṣe. Kí ọmọ yín béèrè ipò tó wà lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti wọ omi kọ́ lẹ máa bọ́ọ́lẹ̀ sí, ó dà bí ìgbà téèyàn páàkì mọ́tò sí Òṣogbo tó wá bọ́ọ́lẹ̀ n'Íbàdàn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n bá èèyàn wa mọ́tò lọ sí ìparí lọ, àwọn náà ló ń yáni lọ́kọ̀. Kó bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí. Ìwé àṣẹ náà wà, pámíìtì, Bureau of Land Management, àjọ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀, ló ń bójú tó ti Labyrinth, páàkì ló ń fúnni ní ti Stillwater, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku ẹrù. Màmá, ibí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí, torí gbogbo èèyàn tó bá ń múra ìrìn yìí, odò ni wọ́n máa ń rò, ohun tó máa ń dá wọn lágara sì ni omi mímu àti ìgbẹ́.

Omi mímu. Orí odò lẹ wà lóòótọ́, ẹ ò sì ní rí omi mu. Odò yẹn kún fún ẹrẹ̀ tó kúnná bí àtíkè, ẹ bu ú sínú ife, ẹ ò ní rí ìdí ife. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lóòjọ́, bíi lítà mẹ́rin. Ẹ̀yin mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, lítà 80, ẹ fi ti ọjọ́ kan lé e nítorí àìmọ̀, ó di 96. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 100, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-25 mẹ́rin. Ní ti píọ́ wọ́tà, àpò mẹ́wàá. Ní ti ìwúwo, àpò símẹ́ǹtì méjì. Ẹ wá rí i pé ọkọ̀ tí ọmọ yín máa yá kì í ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ kejì tiwa ni kẹ́ẹ̀gì kan jò. Ẹni tó rọ omi sínú ẹ̀ ò wé ìdérí ẹ̀ le, mi ò ní sọ ẹni náà, ọkọ àbúrò mi ni. Wọ́n to nǹkan lé e lórí, a ò mọ̀, ìgbà tá a dúró láti sùn la rí i pé ẹrù ti rin nínú ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì ti fúyẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Èmi wá rántí álọ́ọ̀mù. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti ra á lọ́jà Ìgbóǹnà, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, àbúrò mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Denver pé ṣé kànga màmá wa ni mo fẹ́ lọ tọ́jú ni. A pọn omi odò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lálẹ́, mo fi álọ́ọ̀mù yí i bí wọ́n ṣe ń yí i nílé, a fi sílẹ̀ dọwọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wò ó kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ẹ mọ bí ògì ṣe máa ń silẹ̀ sínú ìkòkò, tí omidùn á dúró sórí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹrẹ̀ pupa nípọn ìka méjì wà nísàlẹ̀, ó jókòó pẹ̀ẹ́, omi tó wà lókè mọ́ tó fi jẹ́ pé mo rí ojú mi nínú ẹ̀. A rọra bù ú, a ò jẹ́ kó ru, a sẹ́ ẹ, a sè é kó hó dáadáa ká tó mu ún, torí álọ́ọ̀mù ò pa kòkòrò, ìdọ̀tí nìkan ló ń mú silẹ̀. Látọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò fi mí rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ mú álọ́ọ̀mù dání, màmá. Ẹ pín omi yín sínú kẹ́ẹ̀gì púpọ̀ dípò ńlá kan, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín wé ìdérí wọn.

Ìgbẹ́ ló kàn, ẹ má bínú sí mi. Òfin ibẹ̀ ni pé ìgbẹ́ tẹ́ ẹ bá yà láàárín ọjọ́ márùn-ún, ẹ máa gbé e jáde ni. Ẹ ò lè bò ó mọ́lẹ̀, torí ibẹ̀ gbẹ, nǹkan kì í tètè jẹrà nínú aṣálẹ̀, etí odò tó ṣeé sùn sí ò sì pọ̀, ibi tẹ́ ẹ sùn sí lónìí làwọn mìíràn máa sùn sí lọ́la. Póò ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ póò tó ní ìdérí tí kì í jò, tí òórùn ò sì ní jáde, àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ ló ń yáni. Àwọn awakọ̀ odò ń pè é ní groover, ìdí ni pé láyé ìgbà kan, àpótí irin tí wọ́n fi ń kó ọta ìbọn ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá sì jókòó lé e lórí pẹ́, ilà méjì ló máa ń hàn sí ìdí ẹ̀. Lóde òní, wọ́n ti fi ìjókòó sí i, ilà ò sí mọ́.

Ìtọ̀ ńkọ́? Inú odò ni òfin ní kẹ́ ẹ tọ̀ sí. Ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀kejì. Òjò ò rọ̀ tó níbẹ̀ láti fọ ìtọ̀ kúrò lórí yanrìn, tí gbogbo èèyàn bá ń tọ̀ sétí odò, ibùsùn á máa rùn fùù, odò ńlá sì wà níbẹ̀ tó máa gbé e lọ. Òye ẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìyá àgbà mi máa ń gbá lẹ́nu tí mo bá tutọ́ sómi, mo dúró létí odò yẹn lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo dúró, mo dúró, nǹkan ò jáde. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ odò yẹn tẹ́lẹ̀ ná. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, àwọn ará ibí ló ní kí n ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa bá ara yín sọ ọ́.

Iná dídá, inú àwo irin ni, eérú ẹ̀ náà ẹ máa kó o lọ ni, nítorí náà sítóòfù gáàsì kékeré ló dáa jù. Oúnjẹ ò le: gàrí, ẹja gbígbẹ tí ìyàwó ọmọ yín bá rí rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa lọ́hùn-ún, ìrẹsì, ata díndín. Ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí pọ̀nmọ́ láti ilé o, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Kúlà tó ní yìnyín máa tó ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ ò bá ń ṣí i ṣáá, torí náà ohun tó tètè ń bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ.

September dáa. Oṣù May àti June ni omi máa ń kún nítorí yìnyín tó ń yọ́, yanrìn tí wọ́n ń sùn sí máa ń bọ́ sábẹ́ omi, ẹ̀fọn ibẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe kékeré. July, ooru ibẹ̀ lè kọjá dígírì 38, ẹ̀jẹ̀ ríru ò fẹ́ ìyẹn. September, ọ̀sán lè tó 30, òru lè já sí bíi 10, nítorí náà ẹ mú súwẹ́tà, ẹ mú aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó fúyẹ́, ẹ mú fìlà tó ní etí gbòòrò, ìborùn náà dáa, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fi sọ́rùn. Oògùn yín, ẹ pín in sọ́nà méjì sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ, kó lè jẹ́ pé tí ọ̀kan bá bọ́ sómi, èkejì wà. Ẹ lọ rí dókítà yín kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí nínú kányọ̀nù rárá, kí ọmọ yín yá ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, òun nìkan lẹ fi lè pe ìrànlọ́wọ́. Tó bá ní kò nílò ẹ̀, ẹ má bá a lọ.

Àgbàrá ló kù. Ní àsìkò yẹn, òjò lè rọ̀ níbi tó jìnnà sí yín, tí ẹ̀yin ò rí ẹ̀kán kan, kó wá já gìrìgìrì wọ inú àwọn kányọ̀nù kéékèèké tó ń yà bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin ará Òṣogbo kúkú mọ èyí, òjò a rọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilé a kún fómi níbí. Ẹ má pa tẹ́ǹtì sẹ́nu irú ihò bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí yanrìn ibẹ̀ tẹ́ tó. Okùn ọkọ̀, ibi méjì ni kẹ́ ẹ so ó mọ́ lóru. Tẹ́ ẹ bá sì ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, bàtà tó ní okùn lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹrẹ̀ etí odò yẹn lè fa ẹsẹ̀ mì dé orúnkún. Sílípáàsì mi kan ṣì wà níbẹ̀ dòní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa ń wo fídíò Grand Canyon, ibi tí omi ti ń gbé ọkọ̀ sókè bí ilé. Ó wù mí kí n fi ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí n tó pé 30. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé? — Ọmọ Ayétòrò."

Àbúrò, ìyẹn ọ̀tọ̀ o. Máìlì 277 ni Grand Canyon, kányọ̀nù ńlá tí odò Colorado gbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Arizona, Lees Ferry ni wọ́n ti ń wọ omi, ẹni tó bá fẹ́ fúnra ẹ̀ wà á máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́tìrì ni wọ́n fi ń pín àyè fún àwọn bẹ́ẹ̀, bíi ti físà lọ́tìrì gan-an, àwọn kan ti ń ta á fún ọdún púpọ̀ tí wọn ò rí i jẹ. Tó o bá jẹ ẹ́, ó ṣì ku kó o mọ ọkọ̀ wà, torí omi ibẹ̀ kì í ṣe ti Ìyá Ìbejì. Ọ̀nà kejì ni kó o sanwó fún àwọn tó ní láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ, wọ́n máa wà á fún ẹ, wọ́n máa se oúnjẹ fún ẹ, owó ẹ̀ sì pọ̀. Omi ibẹ̀ tutù bí omi fíríìjì, torí láti abẹ́ Glen Canyon Dam ló ti ń jáde, lókè Lees Ferry. Ẹni tó bá ṣubú sínú ẹ̀, òtútù lè kọ́kọ́ gba agbára ẹ̀ kó tó rántí pé òun mọ̀wẹ̀.

Tó o bá rò pé ọ̀ràn eré ni, gbọ́ ti Powell. Èèyàn mẹ́wàá, ọkọ̀ mẹ́rin, wọ́n kúrò ní Wyoming lọ́jọ́ 24 oṣù May 1869. Lóṣù June, àpáta ti fọ́ ọkọ̀ kan, oúnjẹ inú ẹ̀ lọ. Ẹnì kan fi wọ́n sílẹ̀ lóṣù July. Nígbà tí wọ́n máa fi dé inú Grand Canyon, ìyẹ̀fun tó ti bu, kọfí àti ápù gbígbẹ ló kù fún wọn. Lọ́jọ́ 28 oṣù August, wọ́n dé ibi omi líle kan tó ba àwọn mẹ́ta lẹ́rù, àwọn mẹ́ta yẹn ní àwọn ò lọ mọ́, wọ́n gun òkè jáde sínú aṣálẹ̀, wọn ò sì padà délé mọ́. Àwọn mẹ́fà tó dúró wọ omi, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n já sí ẹnu odò Virgin, ìrìn tán. Ọjọ́ méjì, àbúrò. Mo máa ń ronú nípa àwọn mẹ́ta yẹn gan-an.

Kọ́kọ́ lọ kọ́ ìwẹ̀ ná.

"Olóòtú, ṣé àwa ò ní odò ni? Kí ló dé tá ò lè gbé ọkọ̀ wọ Ọ̀ṣun láti ibí ká máa fi gbafẹ́ lọ dé ọ̀sà? Òyìnbó ṣá lẹ máa ń kọ. — Bàbá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun."

Ẹ kú ilé o, bàbá. Ẹ ò purọ́, odò wa gùn, láti Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń bọ̀, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kí. Mo ti rò ó rí. Ohun tó dá mi dúró kọ́kọ́ ni igbó Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀, ibẹ̀ tí ẹja kan ò ṣeé pa, tí UNESCO ti fi sára ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ta ló máa lọ tukọ̀ gba iwájú ojúbọ kọjá pẹ̀lú kúlà àti sítóòfù? Kì í ṣe èmi. Ẹ̀ẹ̀kejì, igi tó wó dábùú odò pọ̀ nísàlẹ̀, òkúta wà lábẹ́ omi, ìwakùsà tí wọ́n ń ṣe lápá òkè sì ti sọ omi náà di ẹrẹ̀, álọ́ọ̀mù mi ò sì lè fọ ohun tí wọ́n ń dà sí i nídìí góòlù. Kányọ̀nù tí wọ́n ń lọ wò yẹn, àìsí òjò ló jẹ́ kí àpáta ẹ̀ dúró lóòró bẹ́ẹ̀, tiwa, igbó ló bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe kiní kan, bàbá. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú, ẹ lọ dúró sórí afárá Gbódòfọ́n, kẹ́ ẹ wo omi náà bó ṣe ń gbé igi lọ. Tó bá ṣì ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi padà.